Kóńgò tí Wọn Kò Tẹ Ìdí Rẹ̀

Gàrí àti èlùbọ́ ni ìyá mi tà títí ara fi ní kó jókòó sílé. Ìbàdàn là ń gbé. Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni mí nígbà tí etí kóńgò tó ń lò ya, ló bá rán èmi àti ẹ̀gbọ́n mi pé ká lọ ra tuntun lọ́wọ́ ọkùnrin kan tó máa ń to kóńgò àti agolo kalẹ̀ ní ẹnu ọ̀nà ọjà. Ọkùnrin náà mú ọ̀kan, ó nu eruku orí rẹ̀, ó sì bi wá bí ìgbà téèyàn ń béèrè bóyá a gbé ọ̀rá dání: "Ṣé kí n bá yín tẹ ìdí ẹ̀, àbí kí n fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀?"

A ò mọ ohun tó ń wí. Ẹ̀gbọ́n mi ní kó ṣe é bó ṣe máa ń ṣe é fún àwọn yòókù. Ó da kóńgò náà dojú dé orí òkúta, ó fi òòlù lu ìdí rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹrin, lẹ́ẹ̀marùn-ún, ìdí náà sì wọnú lọ bí ikùn ẹni tí ebi ń pa. Téèyàn bá gbé e sílẹ̀, tó ń wò ó láti ẹ̀gbẹ́, kò sóhun tó ṣe é. Ṣùgbọ́n bó o bá wọn gàrí sínú rẹ̀, ẹ̀kúnwọ́ kan àbọ̀ ti di àwátì.

Nígbà tá a délé, ìyá mi ti ọwọ́ bọ inú kóńgò náà, ó fi ìka tọ ìdí rẹ̀ yíká, kò sì sọ nǹkan kan fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ló ní: "Ẹni tó wá ra gàrí lọ́wọ́ mi, ọmọ ẹ̀ ló fẹ́ lọ fún lóúnjẹ." Ó fún wa lówó mìíràn, a sì padà lọ. Kóńgò àkọ́kọ́ yẹn, oúnjẹ adìyẹ ló fi ń bù títí ó fi dípẹtà.

Ìyá mi kì í ṣe oníwàásù. Kò dé orí pẹpẹ rí, àfi ní ọjọ́ tí ó bá kan àwọn ẹgbẹ́ wọn láti gbá ibẹ̀. Ó tó ọdún mélòó kan lẹ́yìn ọ̀rọ̀ yìí kó tó yé mi pé púpọ̀ nínú àwọn obìnrin tí wọ́n jọ ń tajà ló ń lo kóńgò tí wọ́n ti tẹ̀. Àwọn obìnrin kan náà ni wọ́n jọ máa ń kóra jọ lábẹ́ ìsọ̀ ní àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun láti gbàdúrà kí ọjà tó gbóná. Wọn kì í ṣe èèyàn burúkú. Nígbà tí àìsàn dá ìyá mi dúró sílé, àwọn ló bá a tajà, wọ́n sì gbé owó rẹ̀ wá láìdín kọ́bọ̀. Ohun tí wọ́n máa ń sọ ni pé gbogbo ọjà ló ń ṣe é, pé iye tí wọ́n ń gbé àpò gàrí kan ti ga, pé ẹni tí kò bá tẹ̀ ẹ́ kò ní rí èrè. Àdúrà wọn dénú, mo sì gbà pé Ọlọ́run ń gbọ́ ọ. Kóńgò nìkan ni kò gbọ́ sí i.

Nítorí kóńgò yẹn ni mo ṣe ń kọ̀wé sí yín, ẹ̀yin ará mi. Kì í ṣe bíṣọ́ọ̀bù, kì í ṣe olùdásílẹ̀ ìjọ, kì í ṣe pásítọ̀ ni mò ń bá sọ̀rọ̀. Ẹ̀yin ni: ìyá tó ń ta ata, fọkanáísà, awakọ̀, nọ́ọ̀sì, tísà, akọ̀wé ní ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀, onílé tó ní yàrá mẹ́rin tó fi háyà. Àwa tí à ń jókòó sí àárín ìjọ, tí orúkọ wa kì í sí nínú ìwé ètò ìsìn, tó jẹ́ pé tá ò bá wá lọ́jọ́ Ìsinmi kan, ẹni tó máa ń jókòó tì wá nìkan ló máa mọ̀.

Wákàtí 168 ló wà nínú ọ̀sẹ̀. Ká ní èèyàn lọ ìsìn òwúrọ̀ ọjọ́ Ìsinmi, ó lọ ẹ̀kọ́ Bíbélì, ó lọ ìpàdé ẹgbẹ́, ó tún ṣe ìṣọ́ òru ní ọjọ́ Ẹtì, bóyá ló fi máa lo wákàtí 15. Níbo la máa ń kó 153 tó kù lọ? Ẹnu iṣẹ́ ni, ojú títì ni, inú ọgbà ilé tí a jọ ń lo kànga kan náà ni. Púpọ̀ nínú àwọn tí à ń bá pàdé níbẹ̀ kò ní wọ ṣọ́ọ̀ṣì wa láéláé. Àwọn kan jẹ́ Mùsùlùmí, àwọn kan di ẹ̀sìn àbáláyé mú, àwọn kan ń lọ ìjọ tiwọn. Àwọn kan sì wà tí ṣọ́ọ̀ṣì ti ṣẹ̀ débi tí wọn ò fẹ́ gbọ́ orúkọ rẹ̀ mọ́. Ohun tí ọwọ́ wa bá wọ̀n fún wọn ni wọ́n mọ̀ nípa Ẹni tí à ń sìn.

Ẹ jẹ́ ká rántí bí ẹ̀sìn yìí ṣe délé wa, nítorí ọ̀pọ̀ ló rò pé òyìnbó nìkan ló gbé e wá. Láti nǹkan bí 1839 ni àwọn Sàró ti bẹ̀rẹ̀ sí í padà wálé láti Freetown ní ilẹ̀ Sàró. Ọmọ Yorùbá ni wọ́n. Wọ́n ti kó wọn lẹ́rú, ọkọ̀ ojú omi àwọn Gẹ̀ẹ́sì gbà wọ́n sílẹ̀ lórí òkun, ó sì sọ̀ wọ́n kalẹ̀ sí Sàró, níbi tí ọ̀pọ̀ wọn ti gba Jésù gbọ́ tí wọ́n sì kọ́ iṣẹ́ ọwọ́. Télọ̀ wà nínú wọn, káfíńtà wà, mọlémọlé wà, oníṣòwò pọ̀ rẹpẹtẹ. Bàdágìrì ni ọ̀pọ̀ gbà wọlé, wọ́n sì forí lé Abẹ́òkúta, níbi tí Ṣódẹkẹ́ tó jẹ́ aṣáájú àwọn Ẹ̀gbá ti fọwọ́ méjèèjì gbà wọ́n. Wọn ò ní pásítọ̀, wọn ò sì ní ilé ìjọsìn. Nínú wọn ni àwọn tó ránṣẹ́ sí Sàró ti wá, pé kí wọ́n fi òjíṣẹ́ Ọlọ́run ránṣẹ́ sí àwọn.

Henry Townsend, míṣọ́nnárì òyìnbó kan, dé Abẹ́òkúta ní January 1843. Kò pẹ́ tó fi padà lọ, ọdún 1846 ló sì tó tún fẹsẹ̀ tẹ ìlú náà. Ó lé ní ọdún mẹ́ta. Láàárín ìgbà yẹn, ta ló di iná mú kó má kùú? Andrew Wilhelm, ọmọ Ẹ̀gbá tí wọ́n ti kó lẹ́rú rí, ló dúró nílẹ̀ tó ń kó àwọn èèyàn jọ. Àwọn yòókù wà lẹ́nu iṣẹ́ wọn: wọ́n ń rán aṣọ, wọ́n ń gé pákó, wọ́n ń wá ẹbí tó ti fọ́n káàkiri, àwọn mìíràn sì ń san owó ìràpadà kí wọ́n tó lè rí ẹni tiwọn gbà. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ohun tí onígbàgbọ́ jẹ́ ní Abẹ́òkúta nígbà náà, kò sí ilé tí yóò lọ jókòó sí. Ìsọ̀ télọ̀ ni yóò yà sí.

Samuel Àjàyí Crowther pàápàá, tí gbogbo wa mọ̀ sí bíṣọ́ọ̀bù, ọmọdé tí wọ́n kó lẹ́rú ní Òṣogùn ní 1821 ni. Ọdún 1864 ló tó di bíṣọ́ọ̀bù. Ní 1846, lẹ́yìn ọdún 25 tí wọ́n ti ya ara wọn, ó tún fojú kan ìyá rẹ̀ ní Abẹ́òkúta. Mo máa ń ronú nípa obìnrin yẹn. Gbogbo ìyà tó jẹ láàárín ọdún wọ̀nyẹn, ìyà ẹni tí kò sí ìjọ kankan tó mọ orúkọ rẹ̀ ni. Tó bá jẹ́ ìsinsìnyí ló ń kọjá ládùúgbò wa, tí a kò tíì mọ̀ pé ìyá bíṣọ́ọ̀bù ni, ṣé a máa fún un lómi?

Ìtàn kan wà nínú Ìwé Àwọn Ọba Kejì, orí 5, tí àwọn oníwàásù máa ń sáré kọjá nítorí pé Náámánì alágbára ni wọ́n fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí. Èmi kì í lè kọjá ọmọbìnrin kékeré tó wà níbẹ̀. Àwọn ará Síríà kó o lẹ́rú láti ilẹ̀ Ísírẹ́lì, ilé ọ̀gágun wọn gan-an ló sì ti ń ṣiṣẹ́. Kò sí wòlíì nítòsí, kò sí tẹ́ńpìlì, kò sí ọmọ ilẹ̀ rẹ̀ tí wọ́n á jọ máa gbàdúrà. Ẹni tó jẹ gàba lé e lórí di adẹ́tẹ̀. Dípò kí inú rẹ̀ dùn, ọ̀rọ̀ ìwòsàn ló jáde lẹ́nu rẹ̀, ó sọ fún ìyàwó ọ̀gá rẹ̀ ibi tí ọkùnrin náà ti lè rí ìrànlọ́wọ́. Bíbélì kò sọ orúkọ rẹ̀. A ò tún gbọ́ nǹkan kan mọ́ nípa rẹ̀. Ọmọ ọ̀dọ̀ ni, ohun tó mọ̀ ló sọ, ó sì padà sẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀.

Bí mo bá sọ irú ọ̀rọ̀ yìí ní ìpàdé, ẹnì kan á dìde pé ìwé mímọ́ ní ará ilé ìgbàgbọ́ ni ká ṣe lóore. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ lọ ṣí Gálátíà orí 6 kí ẹ fara balẹ̀ kà á. Gbogbo èèyàn ni Pọ́ọ̀lù kọ́kọ́ dárúkọ. Ó wá fi àwọn ará ilé ìgbàgbọ́ kún un pé ká ṣe é fún wọn ní pàtàkì. A ti mú ìparí gbólóhùn, a sì ti fi ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀. Ìjọ lè ra bọ́ọ̀sì márùn-ún tí yóò máa kó ọmọ ìjọ, kí obìnrin tó ń rọbí ní ilé kejì sí ṣọ́ọ̀ṣì sì gun ọ̀kadà lọ sí ilé ìwòsàn ní agogo kan òru, bẹ́ẹ̀ bọ́ọ̀sì márààrún wà nínú ọgbà, géètì sì wà ní títì. Mo mọ ohun tí mò ń sọ, ojú mi ló ṣe.

Ní ti àwọn Mùsùlùmí, àwa Yorùbá kò yẹ kí ẹnikẹ́ni kọ́ wa. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi, Àlàájì ni. Ọ̀dọ̀ wọn ni ẹran Iléya tí mo jẹ dàgbà ti wá, ọ̀dọ̀ wa ni ìrẹsì Kérésìmesì tí àwọn ọmọ wọn jẹ dàgbà ti wá. Ẹ sì wo ẹnu wa: àdúrà tí à ń gbà, ìwàásù tí à ń gbọ́, àlùfáà tí à ń pè, àlàáfíà tí à ń tọrọ, láti inú èdè Lárúbáwá ni gbogbo ọ̀rọ̀ wọ̀nyí ti wọ Yorùbá, ẹnu àwọn Mùsùlùmí ni wọ́n sì gbà wọlé. Nígbà tí wọ́n ń túmọ̀ Bíbélì sí èdè wa, ọ̀rọ̀ tí aládùúgbò ti ń sọ ni wọ́n mú lò. A kò lè ṣí ẹnu bá Ọlọ́run sọ̀rọ̀ láì jẹ́ pé a jẹ wọ́n ní gbèsè ọ̀rọ̀. Ẹni tó ń kọ́ ọmọ rẹ̀ pé kó má jẹ oúnjẹ Àlàájà inú ilé kejì, kí ló fẹ́ fi dípò àlàáfíà?

Oore tí à ń sọ yìí, ẹ má ṣe fi dẹ ìdẹ. Ẹni tí ebi ń pa kì í ṣe ẹja. Bí o bá fún un ní ìrẹsì nítorí kó lè wá sí ìjọ rẹ lọ́jọ́ Ìsinmi, òun náà mọ̀, ọmọ rẹ̀ sì mọ̀. Fún un nítorí pé ebi ń pa á. Bó bá béèrè ìdí tó o fi ṣe é, sọ fún un láìtijú. Bí kò bá béèrè, kí ó jẹun yó.

Láti May 29, 2023 tí wọ́n ti kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ, kò sí ilé kan ní orílẹ̀-èdè yìí tí ọ̀rọ̀ owó kò wọ̀. Wọ́n fi owó-oṣù tó kéré jù sí ₦70,000 ní 2024, gbogbo ẹni tó ń ra gàrí ló sì mọ bí owó yẹn ṣe ń rìn lọ́jà. Irú àsìkò báyìí ni ìdí kóńgò máa ń wọnú jù. Òtítọ́ ni pé ara ń ni oníṣòwò. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń rà, ara ń ni òun náà, kò sì ní òòlù lọ́wọ́.

Iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ló ní kóńgò tirẹ̀. Ti onílé ni owó "àgíríméǹtì àti kọmíṣọ̀n" tó ń tó owó ilé fúnra rẹ̀ nígbà mìíràn. Òfin ilé gbígbà ti ìpínlẹ̀ Èkó, tó jáde ní 2011, ti sọ pé kò bófin mu láti gba ju owó ọdún kan lọ lọ́wọ́ ayálégbé tuntun. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ onílé tí à ń pè ní bàbá ìjọ ń gba owó ọdún méjì. Ọmọkùnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbéyàwó yá owó náà lọ́wọ́ olówó èlé, èlé sì gbé e mì. Bàbá, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ̀bẹ̀ ni mò ń bẹ̀. Kí owó tó tó ọwọ́ yín, ẹ bi ọmọ náà bó ṣe rí i.

Ti òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì ni fáìlì tí kò rìn àfi tí wọ́n bá fi nǹkan tì í. Bàbá arúgbó kan tó ti fẹ̀yìn tì lè máa wọkọ̀ láti abúlé wá síwájú rẹ lẹ́ẹ̀mẹ́fà. Ìwọ náà lò ń darí orin lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Ti nọ́ọ̀sì ni ohùn. Mi ò sọ pé iṣẹ́ wọn rọrùn. Wọ́n kéré níye, aláìsàn pọ̀, àwọn tó lọ sí ìlú òyìnbó sì ti fi iṣẹ́ wọn sí ọrùn àwọn tó kù. Ṣùgbọ́n aboyún tí wọ́n jágbe mọ́ lọ́jọ́ tó bímọ kò ní gbàgbé rẹ̀ láé, bẹ́ẹ̀ ni ẹni tí wọ́n di lọ́wọ́ mú náà kò ní gbàgbé.

Ọ̀rọ̀ nọ́ọ̀sì yìí rán mi létí ìlú kan tó ń jẹ́ Ìmẹ̀sí-Ilé, ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun. Ní ìparí àwọn ọdún 1950, dókítà òyìnbó kan tó ń jẹ́ David Morley wá ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn Wesley Guild tí ìjọ Mẹ́tọ́díìsì dá sílẹ̀ ní Iléṣà. Ọmọ wẹ́wẹ́ ń kú bí ewé tó ń já: ibà, ìgbẹ́ gbuuru, èèyi, ebi. Wọ́n máa ń gbé wọn dé ilé ìwòsàn nígbà tí ẹ̀pa kò bóró mọ́. Ó rí i pé bí òun bá jókòó sí Iléṣà láti máa dúró dè wọ́n, òkú lòun yóò máa gbà. Wọ́n wá ṣí ibùdó kan sí Ìmẹ̀sí-Ilé fún àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún. Nọ́ọ̀sì ló ń ṣe púpọ̀ jù nínú iṣẹ́ ibẹ̀. Wọ́n máa ń wọn ọmọ lórí òṣùwọ̀n, wọn á sì fi àmì sí iye tó wọ̀n sórí káàdì. Bí àmì bá ń gòkè láti oṣù dé oṣù, ọmọ ń dàgbà. Bó bá dúró, tàbí tó ń sọ̀ kalẹ̀, ìyá á mọ̀ kí àìsàn tó fojú hàn, ì báà má mọ̀wé.

Ohun tó wú mi lórí jù ni pé ọwọ́ ìyá ni wọ́n fi káàdì náà sí. Àwọn dókítà máa ń sọ nígbà yẹn pé ìyá tí kò mọ̀wé á sọ ìwé nù, pé ilé ìwòsàn ló yẹ kó máa tọ́jú rẹ̀. Morley fi í sínú ọ̀rá, ó gbé e fún ìyá kó máa gbé e lọ sílé. Àwọn ìyá sì tọ́jú rẹ̀. Ikú ọmọdé dín kù gan-an ní ìlú náà, káàdì yẹn sì tan káàkiri ayé dé ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè. Bí wọ́n bá ti fún ọ ní káàdì tí wọ́n fi ń wo bí ọmọ ṣe ń wọ̀n sí, ìran èyí tí wọ́n fún àwọn ìyá Ìmẹ̀sí-Ilé lo gbé lọ́wọ́ yẹn. Òṣùwọ̀n kò sì mọ ẹ̀sìn ọmọ tí wọ́n gbé lé e.

Ìdí tí mo fi pẹ́ lórí ọ̀rọ̀ yìí ni pé ọ̀pọ̀ ìjọ wa ló ń ṣe ìtọ́jú ọ̀fẹ́ lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, pẹ̀lú bánà, fọ́tò àti fìlà. Mi ò ní kí wọ́n má ṣe é mọ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ ríru kì í ṣe àìsàn ọjọ́ kan. Nọ́ọ̀sì méjì tí wọ́n jọ ń gbé àdúgbò kan, tí wọ́n bá lè jókòó lábẹ́ igi fún wákàtí méjì ní gbogbo àárọ̀ ọjọ́ Sátidé àkọ́kọ́ nínú oṣù, kí wọ́n máa wọn ẹ̀jẹ̀ ríru àwọn àgbàlagbà, kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé kékeré tí àwọn àgbà náà yóò máa gbé lọ sílé, wọ́n ti ṣe ju bánà lọ. Kò gba ìyọ̀ǹda olùdarí ẹkùn. Ẹ̀rọ kan, bẹ́ǹṣì méjì, ó parí.

Ẹ̀yin amòfin tó wà nínú ìjọ ńkọ́? Wọ́n yí orúkọ ilé iṣẹ́ tó ń bójú tó ọgbà ẹ̀wọ̀n padà ní 2019, wọ́n ní àtúnṣe ìwà ni iṣẹ́ rẹ̀. Síbẹ̀, ó ju ìdajì lọ dáadáa nínú àwọn tó wà níbẹ̀ tí ilé ẹjọ́ kò tíì dá lẹ́bi ohunkóhun. Ẹjọ́ wọn ló ń falẹ̀. Àwọn kan wà níbẹ̀ nítorí pé wọn kò rí ẹni ṣe onídùúró. Jésù sọ pé ẹni tó bẹ àwọn tó wà nínú túbú wò, òun ló bẹ̀ wò. A máa ń gbé ọṣẹ àti búrẹ́dì lọ, ó dára. Ṣùgbọ́n ìwọ tó o ní aṣọ dúdú àti fìlà funfun nílé, o lè mú ẹnì kan jáde. Ẹjọ́ kan péré lọ́dún. Má béèrè ìjọ tó ń lọ.

Ọ̀rọ̀ ariwo máa ń dun àwọn ará, ṣùgbọ́n mo ní láti sọ ọ́. Ẹ yí ẹnu ẹ̀rọ gbohùngbohùn ṣọ́ọ̀ṣì padà sínú ilé. Ọmọ tó máa ṣe ìdánwò láàárọ̀ wà lẹ́yìn ògiri ṣọ́ọ̀ṣì, àgbàlagbà tí oorun kì í kùn mọ́ wà níbẹ̀, awakọ̀ akérò tó gbọ́dọ̀ jí ní agogo mẹ́rin wà níbẹ̀. Bí a bá ń bá Ọlọ́run sọ̀rọ̀, òun kò jìnnà tó bẹ́ẹ̀.

Ohun tí mò ń bẹ̀ yín fún kò pọ̀. Kí ọ̀sẹ̀ yìí tó parí, kí olúkúlùkù wa ti ọwọ́ bọ inú iṣẹ́ rẹ̀, kó fi ìka tọ ìdí rẹ̀ yíká bí ìyá mi ti ṣe, kó wo ibi tó ti tẹ̀ sínú. Bó bá rí i, kó tún un ṣe, kó má sì dúró de ìgbà tí gbogbo ọjà bá tún tiwọn ṣe. Lẹ́yìn náà, kó wá ẹnì kan ṣoṣo tí kì í ṣe ọmọ ìjọ rẹ̀, tí kò lè san án padà, kó sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ di ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ fún oṣù mẹ́ta. Opó ni, akẹ́kọ̀ọ́ tí owó ìdánwò rẹ̀ kò pé ni, ọmọ ọ̀dọ̀ tí wọ́n ń nà nílé kejì ni. Ẹ má kọ orúkọ rẹ̀ síbi kankan. Ẹ má dúró kí wọ́n yan ìgbìmọ̀.

Mo mọ̀ pé yóò ná wa ní nǹkan. Ìyá mi kò kọ́lé. Èrè orí àpò gàrí kan kéré lọ́wọ́ rẹ̀ ju ti àwọn yòókù lọ, ọdún kan sì wà tí owó ilé-ìwé mi pẹ́ kó tó pé, tí wọ́n lé mi wálé lójú àwọn ẹlẹgbẹ́ mi. Inú bí mi sí kóńgò yẹn lọ́jọ́ náà. Mi ò ní purọ́ fún yín pé ẹni tó bá ṣe òtítọ́ lọ́jà á lówó ju àwọn yòókù lọ.

Lóṣù tó kọjá, mo lọ sí ọjà náà lọ ra kóńgò fún ìyàwó mi tó fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í ta ẹ̀wà níwájú ilé. Ọkùnrin àtijọ́ yẹn ti kú, ọmọ rẹ̀ ló jókòó síbẹ̀, pẹ̀lú òkúta àti òòlù. Ó mú ọ̀kan, ó nu eruku orí rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, ṣé kí n bá yín tẹ ìdí ẹ̀?"

Mo ní kó fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ó wò mí, ó di kóńgò náà sínú ọ̀rá, ó ní èmi ni ẹnì kejì tó máa sọ bẹ́ẹ̀ fún òun láti àárọ̀.